Ojú Tí Mo Yá Bàbá Mẹkáníìkì

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Orí páálí tí Bàbá tẹ́ sílẹ̀ fún mi ni mo kúnlẹ̀ sí, kí gíríìsì má baà ba aṣọ ilé-ìwé mi jẹ́. Mo di ojú kan, mo fi èkejì wo ihò tín-ín-rín kan tó gba inú irin kọjá nídìí nọ́ọ̀tì ńlá. Bàbá yí sípánà bíńtín. Mo ní ó tún kù. Wọ́n tún yí i. Ìgbà tí mo rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì ihò náà ni mo sọ pé ó ti bọ́ síra. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sí mi láìwo ẹ̀yìn, mo fi píìnì lé àtẹ́lẹwọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni hámà kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó, kó, kó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé àna. Òórùn bẹntiróòlù àti ti iyẹ̀pẹ̀ tí ọ́ìlì ti mu yó gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ku ọdún díẹ̀ kí 1990 wọlé. Ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí à ń fojú wò tí a kò lè fọwọ́ kàn, àwọn èèyàn wá ń wọ́ ọkọ̀ ayé àtijọ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé pé kí wọ́n bá àwọn jí i dìde. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà létí ọ̀nà tó jáde láti Tákíè lọ sí Ọ̀yọ́, ìsọ̀ tí màámi ti ń ránṣọ sì fara tì í. Bàbá kì í ṣe ìbátan wa. Ìjọ Aládùúrà kan náà là ń lọ, ìyẹn sì ti tó ìbátan.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ télọ̀ á mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́ṣe ọmọ ni kó máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá wá jókòó sí ìsọ̀ wa, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n bá ní kí màámi yá àwọn ní ojú ọmọ yìí. Màámi rò pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dé láti ilé-ìwé tí mo ti jẹun, tí iṣẹ́ sì ti kan ìdí píìnì, Bàbá á pè mí.

Bàbá ní ọmọ iṣẹ́ kan, géńdé tó ti lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn, tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. Kí ló dé tí wọn kì í pè é? Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Ojú Bàbá ti ń ṣú, wọn kò sì fẹ́ kó mọ̀. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò wá nọ́ńbà tó wà lára sípánà dípò kí wọ́n kà á. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Wọ́n á wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ wọn pé sùúrù ni àwọn ń kọ́ mi. Lọ́jọ́ kan tó ku èmi àti wọn nìkan, Bàbá ní ohun tí ojú wa bá rí nídìí ọkọ̀, kí ẹnu wa má sọ ọ́ nílé. Inú mi dùn, kì í ṣe díẹ̀. Kò sí ọmọ mìíràn ládùúgbò tí àgbàlagbà fi àṣírí pa mọ́ sí lọ́wọ́. Ńṣe ni mo ń yan bí ẹni tó jẹ oyè.

Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń fi píìnì sí i, nítorí àwọn mẹkáníìkì ìsinsìnyí ń bí mi nínú. Waya líle tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ni píìnì. Ó ní orí róbótó, ó ní ẹsẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ní eyín yíká orí. Tí o bá so nọ́ọ̀tì náà tán, àlàfo eyín kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ihò tó wà lára irin àárín, kí píìnì lè gba inú méjèèjì kọjá. Bí wọn ò bá dọ́gba, Bàbá kì í fi agbára fún nọ́ọ̀tì náà síwájú. Wọ́n á dá a padà díẹ̀ sí àlàfo tó wà lẹ́yìn, torí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí a bá so le jù, gbígbóná ni yóò máa gbóná lójú ọ̀nà títí yóò fi bàjẹ́. Tí píìnì bá wọlé, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa sínú àlàfo. Wọ́n á ká ẹsẹ̀ kan sókè bo ẹnu irin, wọ́n á ká èkejì wálẹ̀ mọ́ ara nọ́ọ̀tì, wọ́n á gé èyí tó bá gùn jù, wọ́n á sì fi ìka yí i ká wò bóyá ó ń mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìdérí irin kékeré kan dé gbogbo rẹ̀ pa. Ohun tó bá wà lábẹ́ ìdérí yẹn, ó di ọwọ́ Ọlọ́run àti ẹ̀rí ọkàn mẹkáníìkì.

Nígbà yẹn, ìṣó làwọn kan ń fi dípò píìnì. Àwọn mìíràn á yọ èyí tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, wọ́n á nà án, wọ́n á tún kì í padà. Bàbá kò jẹ́ ṣe é. Bó ṣe píìnì kan ṣoṣo ló kù kí iṣẹ́ parí, wọ́n á rán ọmọ iṣẹ́ wọn lọ sí Sábó kó lọ ra tuntun. Wọ́n ní píìnì tó ti ká lẹ́ẹ̀kan, tí a tún nà, òkú ni. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀tì kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Píìnì ló ń sọ fún un pé kó jókòó."

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni Mọ́rísì Tíṣà. Tíṣà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, àwọn ló sì kọ́ Bàbá ní ABD nígbà tí Bàbá wà ní kékeré. Ọkọ̀ náà ti wà lẹ́yìnkùlé wọn fún ọdún gbọọrọ, débi pé adìẹ ti yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Tíṣà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó wà nílé ọkọ ní Ọ̀yọ́. Láyé ọjọ́sí, ìyá yìí ló ta aṣọ òfì rẹ̀ láti fi kún owó tí Tíṣà fi ra ọkọ̀ náà. Ìyá ti wá dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ tún jókòó nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó lọ. Tíṣà kò lè wakọ̀ mọ́. Dádì mi, tó jẹ́ dírẹ́bà, ni wọ́n bẹ̀ pé kó gbé àwọn lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Oṣù mẹ́rin ni Bàbá fi tún ọkọ̀ náà ṣe.

Tíṣà kì í jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó wá wò ó. Tí wọ́n bá ti yọ, Bàbá á ju sípánà sílẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ìlì yẹn, àgbàlagbà tó ń lọ sí àádọ́rin. Ìkíni wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ ńkọ́, ó di ìtàn. Lọ́jọ́ Wẹsidé ọ̀sẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo rí i pé ihò ti bọ́ síra nídìí ẹsẹ̀ òsì iwájú, mo sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Tíṣà wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, ọmọ ta nìyí?

Ẹni tó bá ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń bú. Màámi gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Nígbà tí Tíṣà lọ tán, màámi fa etí mi títí ó fi gbóná, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, bí ilé ń jó, kí n dúró kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Fúráìdé ló ku ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú. Bàbá ti so nọ́ọ̀tì, mo ti kúnlẹ̀, píìnì tuntun wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó sọ pé ó kù tàbí kò kù, Tíṣà dé. Bàbá dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀, ìkíni bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tí Tíṣà mú wá kò dára: ara ìyá Ọ̀yọ́ kò le rárá, wọn ò sì jẹun láti àná. Ojú Tíṣà pọ́n. Bàbá padà wá jókòó sídìí iṣẹ́, wọ́n ń pẹ̀tù sí Tíṣà nínú, ọwọ́ wọn sì ń ṣiṣẹ́ lọ bí ọwọ́ ẹni tó ti ń ṣe é láti ogójì ọdún. Ọwọ́ náà wá ìdérí irin, ó rí i, ó fi dé nọ́ọ̀tì, ó sì fi hámà gbá a wọlé.

Píìnì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo la ẹnu. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ojú màámi láti ìsọ̀ wọn, mo pa á dé. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara mi jẹ. Mo ní bóyá Bàbá ti mú píìnì mìíràn látinú àpò wọn nígbà tí n ò wò. Mo ní ohun tí àgbà fi jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo mọ̀ jù lọ láyé yìí pé àgbà tí mò ń sọ kò ríran. Ibi tí mo ti ń rò ó ni màámi ti rán mi pé kí n lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún oníbàárà kan. Ìgbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, Bàbá sì ti lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. Mo fi píìnì sápò, mo lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dádì mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn. Wọ́n ń fi ohùn kékeré kọrin, inú wọn ń dùn, torí pé kò sí dírẹ́bà tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun nínú Mọ́rísì tó ń dán. Mo bi wọ́n bóyá nọ́ọ̀tì lè rìn lóòótọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá ti fi ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kún mi lórí. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á béèrè bí Bàbá ṣe lè gbàgbé, èmi á sì ní láti sọ ti ojú wọn, mo sì ti ṣèlérí. Bí n kò bá sọ ọ́, dádì mi ló máa jókòó sídìí wíìlì. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó nìyẹn, mo sì sùn. Ìtìjú rẹ̀ ṣì ń bá mi jà.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà dé Tákíè, ó gbé e padà, ó ní ó ń lọ geerege. A wá pé jọ láti gbàdúrà lé e lórí kó tó jáde. Bàbá wọ sùtánà, gbogbo wa wà láìwọ bàtà. Tíṣà náà bọ́ tiwọn, wọ́n ní nígbà tí ọmọ ilé-ìwé àwọn ti di Aládùúrà, kí làwọn fẹ́ ṣe sí i. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wòlíì ìjọ wa wọ́n omi àdúrà sára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní ká dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà àlọ láyọ̀, àbọ̀ láyọ̀.

Èmi lajú. Mo rí dádì mi tí wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi gbogbo ara ṣe àmín. Mo rí Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè bí a ṣe máa ń ṣe. Mo yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá wọn, mo sì fi píìnì náà lé ọwọ́ wọn.

Wọn kò lajú. Àmín tó wà lẹ́nu wọn dúró. Àtàǹpàkò wọn rìn lórí waya náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan, pé kò ká rí. Wọ́n wá rọra pa ọwọ́ náà dé. Àdúrà ṣì ń lọ. Mo dúró níbẹ̀, mò ń retí ìfọ́tí.

Nígbà tí àdúrà parí, dádì mi wọlé, wọ́n tan ọkọ̀. Ní báyìí tí mo ti dàgbà, mo mọ iye irọ́ tó wà nílẹ̀ tí Bàbá lè mú. Wọ́n lè ní táyà kan rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè ní Ẹ̀mí sọ fún àwọn pé kí ọkọ̀ má tíì lọ, gbogbo wa ì bá sì ṣe àmín sí i. Bàbá na ọwọ́, wọ́n ní kí dádì mi pa ọkọ̀ náà.

"Ẹ forí jì mí, Tíṣà," ni Bàbá wí. "Mi ò fi píìnì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo gbàgbé rẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ọmọ iṣẹ́ ti dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni, òun ló yẹ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má bínú sí ọ̀gá òun. Bàbá ní kó dìde, kó má parọ́ nítorí àwọn.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ojú mi kò ríran mọ́, mo sì fi pa mọ́ fún yín."

Ọmọ iṣẹ́ gbé jáàkì sí i, ó yọ ìdérí. Bàbá kúnlẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun wọn, wọ́n fi ìka méjì péré mú nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mú, ó sì yí bí ìdérí ìgò pòmáàdì. Tákíè nìkan ló tíì lọ o. Dádì mi rí i. Wọ́n jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀.

Bàbá pè mí síwájú gbogbo wọn pé kí n wá wo ihò. Mo wò ó títí ó fi bọ́ síra. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan hámà, ọmọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n nà án sí. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń fetí sí i bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ píìnì, nígbà tó sì ṣe tán, wọ́n ní ó dára. N kò tún rí hámà lọ́wọ́ Bàbá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ náà dé Ọ̀yọ́ ní àlàáfíà. Wọ́n gbé ìyá jáde sínú rẹ̀, dádì mi sì fi wọ́n yí ọjà Àkẹ̀sán po lẹ́ẹ̀mejì. Dádì mi ní ńṣe ni ìyá náà ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Bàbá ti fọ́jú, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa Tíṣà. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ bọ̀ ń yà síbòmíràn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Bàbá fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì kó lọ sí oko ẹbí wọn ní apá Ìrẹsà. Èmi ni wọ́n wá ń yìn ṣá. Tíṣà tó bi mí pé ọmọ ta ni mí fún mi ní ìwé, màámi ń pè mí ní olùgbàlà bàbá rẹ̀. Gbogbo ìyìn náà ń korò lẹ́nu mi, torí mo gbà pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Nígbà ìsinmi ọdún tó tẹ̀ lé e, mo bẹ dádì mi kí wọ́n mú mi lọ kí wọn. A bá Bàbá lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí, wọ́n ń fi ìka wá etí rẹ̀. Wọ́n ti mọ ìrìn mi kí n tó kúnlẹ̀. Nígbà tí dádì mi lọ wo ẹ̀yìn oko, mo bú sẹ́kún, mo ní kí Bàbá dárí jì mí, pé èmi ni mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Bàbá ní kí n má sọ irú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ẹnu mi ló ba iṣẹ́ jẹ́, ojú tàwọn ló ti bà jẹ́ tipẹ́, ìgbéraga àwọn ló sì sọ ọmọdé di adáṣírí-pa-mọ́. Wọ́n pa ẹ̀gúsí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí píìnì. Mo ní rárá, pé láti Fúráìdé ló ti wà lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ wọn dúró.

"O gbé e sùn? Kí ni mo ṣe fún ọ, ọmọ mi, tí o kò fi lè sọ fún mi?"

Kì í ṣe ìbínú ló wà lóhùn wọn. Ó dùn wọ́n ni. Mo wá èsì, n kò rí. Wọn kò ṣe nǹkan kan fún mi rí ju oore lọ. Bàbá kú kí n tó wọ ilé-ìwé girama, n kò sì rí èsì náà mú lọ fún wọn.

Olórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí báyìí, nílùú kan náà. Bí mo bá wọ yàrá àwọn olùkọ́, gbogbo wọn á dìde, kẹ́kẹ́ á pa. Àwọn àlejò máa ń sọ pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi gan-an ni o. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Ní ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, olùkọ́ kékeré kan wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi, ó ń wo ilẹ̀, ó ní kí n má bínú, mo ti kọ orúkọ ọmọ kan sí àárín àwọn tí kò yege, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà yege. Mo wo ìwé náà, òtítọ́ ni. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún un kọ lójú rẹ̀. Mo wá béèrè ìgbà tó ti rí i. Ó ní ó di ọjọ́ mẹ́ta.

Mo bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un tí kò fi lè sọ fún mi. Ọmọbìnrin náà ṣí ẹnu, kò rí èsì. Mo ní kó dìde, kó wá jókòó tì mí.